Ebè Tó Fẹ́ Gba Ìwé Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ nínú rédíò pé ilé ìwé girama ti di ọ̀fẹ́, mo jó débi pé mo fẹsẹ̀ tẹ adìyẹ ìyá mi. Ẹ má bínú, bí ayọ̀ ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra yọ̀. Bàbá mi wà lábẹ́ igi ẹmi iwájú ilé, ó ń pọ́n ọkọ́ ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó parí nìyẹn. Kò tún sí nǹkan tó máa dí ọ lọ́wọ́ mọ́." Gbogbo wa la gbà á gbọ́. Ní abúlé wa, lápá Ogbooro, owó nìkan ni gbogbo èèyàn gbà pé ó ń lé ọmọ kúrò nílé ìwé. Tí owó bá ti kúrò lọ́nà, kí ló tún kù?

Áà, nǹkan tó kù pọ̀ o!

Nígbà tí a wọ kíláàsì kìíní, a pọ̀ débi pé ojú fèrèsé làwọn kan ń jókòó sí. Tí ẹnì kan bá sín lẹ́yìn, ẹni iwájú á nu ọrùn. Kí á tó dé kíláàsì kẹta, àyè ti ń gba èèyàn láti na apá. Àwọn kan, oko ló gbà wọ́n: ìgbà iṣu dé, wọ́n ní àwọn máa lọ ran bàbá àwọn lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí títí dòní. Àwọn ọmọkùnrin kan gba ọ̀nà Ṣakí lọ, wọ́n bá àwọn tó ń kó ẹrù gba ẹnubodè, nígbà tí wọ́n máa fi padà wá, alùpùpù ni wọ́n gùn, dígí dúdú lójú, wọ́n á máa fọn fèrè kọjá níwájú kíláàsì wa.

"Ẹ ṣì ń kàwé lọ́wọ́?" Ọ̀kan nínú wọn pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ẹ kà á dáadáa o! Tí ẹ bá kà á tán, ẹ wá bá mi fọ máṣìn!"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú àwọn ọmọkùnrin tó kù. Wọn ò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa.

Ti ẹni tá a jọ ń jókòó ló dùn mí jù. Kíláàsì kẹrin la wà nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó. Àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ ní kò sí wàhálà, á máa lọ sílé ìwé ẹ̀ láti ilé ọkọ. Lóòótọ́ ló padà wá, ó jókòó tì mí, àwọn làálì ìyàwó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan, a tò sórí ìlà láàárọ̀, a ń kọrin lọ́wọ́, ó yà sẹ́yìn, ó ń bì. Ọ̀gá ilé ìwé pè é sínú ọ́fíìsì. Nígbà tó jáde, kò sunkún, ó kàn ní, "Bá mi kọ nóòtù sílẹ̀, mò ń bọ̀." Òfin ni pé aboyún kì í wọ kíláàsì. Mo bá a kọ nóòtù yẹn títí ó fi sú mi.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí ara mi fi tutù nígbà tó kàn mí.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin yẹn náà ni kùkùté gún bàbá mi lẹ́sẹ̀ lóko. Ẹsẹ̀ náà wú, ó dàbí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ìgbà òjò àrọ̀kúrò ni, ìgbà tó yẹ kí á kọ ebè iṣu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé tí òjò bá ti lọ, ilẹ̀ á gan, ọkọ́ á máa dún lórí ẹ̀ bí ẹni ń lu àpáta. Ẹni tí kò bá kọ ebè kí òjò tó lọ, kó yáa wá ẹni tó máa bọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá mi ò lè dúró, ká má tíì sọ pé kó tẹ̀ ba. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìkùukùu bó ṣe ń fúyẹ́.

Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan, oko wọn fi ààlà kan ara wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣe àáró. O bá mi ṣe tèmi lónìí, mo bá ẹ ṣe tìẹ lọ́la, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kan. Nígbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá wo ẹsẹ̀ náà, ó ní, "Má ṣèyọnu. Tìẹ la máa kọ́kọ́ ṣe." Bàbá mi ní, "Tí ẹsẹ̀ yìí bá jinná, èmi náà á wá ṣe tìẹ." Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní, "Ta ló bi ẹ́ nìyẹn?"

Lọ́jọ́ kejì, àkọ́bí ọ̀rẹ́ bàbá mi yìí kó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá, ọ̀dọ́kùnrin bí igbó, ọkọ́ léjìká, orin lẹ́nu. Háà, wọ́n ṣiṣẹ́ o! Ebè tí wọ́n kọ ga dé orókún, ó tò lọ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Èmi ni mò ń pọn omi fún wọn. Bí mo bá ti gbé kèrègbè dé, wọ́n á figbe ta:

"Ìyàwó wa! Omi ẹ mà tutù o!"

"Ìyàwó wa, má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn pa ẹ́, ẹwà ẹ á ṣí!"

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ ní tèmi. Ta ni wọn kì í pè níyàwó nílẹ̀ wa? Arúgbó tí kò léyín á máa pe ọmọ ọwọ́ níyàwó òun. Kò sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn tó ta sí mi létí.

Ìyá mi nìkan ló rí nǹkan. Ó ti gúnyán sílẹ̀, ó fẹ́ gbé e lọ fún wọn lóko, ló bá rí i pé wọ́n ti gbé oúnjẹ tiwọn wá láti ilé: iyán nínú igbá ńlá, ẹran ìgbẹ́ nínú ọbẹ̀, fùrá nínú kèrègbè. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó wí fún bàbá mi pé, "Baálé mi, àwọn tó wá ṣe àáró, kí ló dé tí wọ́n gbé oúnjẹ dání?"

Bàbá mi ní, "Wọ́n mọ̀ pé ara mi ò yá ni. Àánú ni wọ́n ṣe wá."

Ìyá mi ní, "Hẹ̀n-ẹ́n."

Lẹ́yìn ìgbà náà, tí bàbá mi bá ti ní òun fẹ́ wá ọ̀nà san àáró yẹn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á ní, "Ẹsẹ̀ ẹ ni kó o gbọ́ tiẹ̀ ná." Ẹsẹ̀ náà jinná díẹ̀, kò jinná tán, ṣe ló ń wọ́ ọ. Bàbá mi á wọlé, á máa sọ fún wa pé irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n láyé. A gbin iṣu náà, ó ta, a wà á. Iṣu ọdún yẹn dára! A jẹ ẹ́ ní sísun, a jẹ ẹ́ ní gígún, mo tiẹ̀ ń sanra. Mo wọ kíláàsì karùn-ún, ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀ nígbà òjò tuntun. Mo ń fò káàkiri. Mo ti ń wo ara mi bí ẹni tó ti parí.

Bí òjò àrọ̀kúrò tún ṣe dé, láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọ̀rẹ́ bàbá mi wọlé wá pẹ̀lú àgbàlagbà méjì. Mò ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ wọn ketekete.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ̀rọ̀. "A wá dúpẹ́ ni."

"Ọpẹ́ kí ni?" Bàbá mi ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ti ìyàwó tẹ́ ẹ fún wa."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ mi.

Àgbàlagbà náà ní, "Ọmọ wa kó ẹgbẹ́ ẹ̀ wá, ó sin àna ẹ̀. Àna gba ìsìn, àna jẹ iṣu ìdí ẹ̀. A ò ní kí ẹ má gbádùn ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí la fẹ́ gbé ìyàwó wa."

"Ìsìn àna?" Ohùn bàbá mi ti yí padà. "Àáró ni mo pè é! Àáró lèmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń ṣe!"

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló dá a lóhùn wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń gbé oúnjẹ lọ sóko àáró?"

Nílẹ̀ wa, ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wá ṣe àáró, olóko ló ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ lóko bàbá ìyàwó, òun ló ń gbé oúnjẹ tiẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dání, torí ìsìn ló wá sìn, kì í jẹ àna ẹ̀ ní nǹkan kan. Bàbá mi mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún lọ́jọ́ yẹn, ebi ọdún tó ń bọ̀ ń dẹ́rù bà á, ó rí iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ó pè é ní àánú.

"Ìwé ẹ̀ ńkọ́?" Ó béèrè níkẹyìn.

"Á parí ẹ̀ nílé ọkọ," wọ́n ní. "Ṣé a ní kó má kàwé ni?"

Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo rántí làálì lọ́wọ́ ẹni tá a jọ ń jókòó, mo jókòó sórí ìdọ̀tí tí mo gbá jọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi. "Bàbá, mi ò fẹ́. Ẹ dákun."

"Ṣé o rò pé èmi ni mo fẹ́?" Kò wo ojú mi. "Mo ti jẹ iṣu náà. Ibo ni kí n ti pọ̀ ọ́? Tí mo bá kọ̀, wọ́n á ní mo fi ọmọ mi dẹ páńpẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló tún máa bá mi ṣe àáró lábúlé yìí? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

Mi ò lè bínú sí i. Ẹ ò rí i pé ìyà tó wà ńbẹ̀ nìyẹn? Kò sí èèyàn burúkú kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo lè dojú kọ. Ọmọkùnrin náà fúnra ẹ̀ kò burú, ojú ẹ̀ mọ́, ó lágbára. Bàbá mi ló rọ̀ mí lọ́kàn jù. Ká ní ó jẹ́ òǹrorò ni, ǹ bá ti sá lọ.

Nílé ìwé, mi ò lè ká nǹkan kan sórí. Tísà wa obìnrin, tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Ìsẹ́yìn, Kìrìsìtẹ́nì tí kì í pariwo, rí mi, ó bi mí, mo sọ fún un. Ó wọ bàtà ẹ̀, ó tẹ̀ lé mi wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ dáadáa: bí mo ṣe lè di nọ́ọ̀sì, bí mo ṣe lè di tísà bíi tòun, bí ọmọ obìnrin tó kàwé ṣe ń tọ́jú bàbá ẹ̀. Bàbá mi fún un ní àga, ó fún un lómi, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán.

"Ẹ ṣé, Tísà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló yé mi. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó yọ iṣu kúrò níkùn mi."

Tísà padà sílé. Mo sìn ín dé ojú títì, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá mi ló sọ ọ́. A ń fọ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, èmi ń sunkún sínú ẹ̀gúsí, òun ò wò mí. Ọmọ Komu ni ìyá mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o ti rí àna tó ń sin ọkọ ọmọ ẹ̀ padà rí?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá."

"Kò sí i. Ẹni tí wọ́n bá sìn kì í san án. Tó bá san án, kì í ṣe ìsìn mọ́. Àáró ni."

Mo gbójú sókè. Ó ṣì ń fọ́ ẹ̀gúsí ẹ̀.

"Òjò ò tíì lọ," ó ní. "Oko bàbá yẹn ò tíì ní ebè. Bí ẹnì kan láti ilé yìí bá lọ kọ ọ́ fún un, tí olóko bá bọ́ ẹni náà, ta ló tún máa pe ti èṣí ní ìsìn àna?"

"Ta ló máa kọ ọ́? Ẹsẹ̀ bàbá..."

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀."

"Èmi!"

Ìgbà náà ló tó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi tí kì í rẹ́rìn-ín. "Obìnrin kọ ebè? Kí ẹyẹ oko má baà kú ẹ̀rín." Lóòótọ́ ni, lápá ọ̀dọ̀ wa, obìnrin ń gbìn, obìnrin ń kórè, obìnrin ń ru ẹrù wálé, ṣùgbọ́n obìnrin kì í kọ ebè. Àmọ́ ìyá mi ò mọ oko ilé ìwé wa. Tísà iṣẹ́ àgbẹ̀ wa kì í béèrè ọkùnrin tàbí obìnrin. Oníkálukú ló ní ìlà ebè tiẹ̀. Tí o ò bá kọ ọ́ tán, o ò ní jẹun ọ̀sán. Láti kíláàsì kìíní ni mo ti ń kọ ebè!

Mo sọ fún àwọn ará kíláàsì wa, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ariwo sọ.

Ọmọkùnrin alárìwísí kan ní, "Dúró ná. Tí mo bá bá ẹ kọ ebè, ṣé ìwọ náà á wá di ìyàwó tèmi ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ebè tìẹ tó ń wó kí òjò tó kàn án?"

"Gbọ́ ọ! Ó ń bẹ̀ wá níṣẹ́, ó tún ń bú wa!"

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tí kì í bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló dìde, ó ní, "Èmi ń bọ̀. Ó lè kan èmi lọ́la." Ẹ̀rín dákẹ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Ìyá mi kìlọ̀ fún mi gidi: "Ẹ má gbé oúnjẹ kankan dání. Ẹ̀pà pàápàá, ẹ má mú un lọ. Bí o ò bá tíì jẹ oúnjẹ olóko, kò tíì sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀."

Àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ, a ti wà lóko ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ìrì rin wá dé itan. A bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí baba náà fi máa dé, ebè ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe nínú oko mi?"

Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Àáró la wá ṣe."

"Àáró wo?"

"Ti èṣí, Bàbá. Bàbá mi ló yẹ kó wá, ẹsẹ̀ ò jẹ̀ẹ́ kó wá. Èmi ni mo wá dípò ẹ̀."

Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó mọ ohun tí mò ń ṣe. "Mi ò bẹ̀ yín níṣẹ́. Ẹ kó ọkọ́ yín, ẹ máa lọ!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn tó ń lọ sóko ti ń dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò. Nílẹ̀ wa, èèyàn kì í lé ẹni tí ọkọ́ ẹ̀ ti wọlẹ̀. Ṣe ló máa dàbí ẹni tó ń lé oúnjẹ. Ó wo àwọn èrò, ó wo wá, ó lọ jókòó sábẹ́ igi igbá, ó dijú mọ́rí.

Ẹ ò tíì rí ẹ̀sín rí! "Ẹ wá wò ó, ọmọge ń kọ ebè!" "Níbo lẹ ti ń kọ́ èyí, nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni?" Ọkọ ìyàwó fúnra ẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lu ú léjìká: "Ọ̀rẹ́, ìyàwó ẹ ló ń sin bàbá ẹ yìí! Ó kù kó wá gbé ẹ lọ sílé ẹ̀!" Wọ́n yí gbirigbiri nílẹ̀ lẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó wò mí títí, ó yí padà, ó lọ. Ó ṣe mí láàánú, kí n má parọ́.

Nígbà tí oòrùn wá le, baba náà dìde, ó wá sí àárín ebè wa. Ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kan, ó wó.

"Ebè wo lèyí? Ilé eku ni. Èyí tí ọmọ mi kọ fún bàbá ẹ dé orókún. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń san nǹkan?"

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló ń dun ni. A padà sí ìbẹ̀rẹ̀. A tún gbogbo ẹ̀ kọ, a ń fi orókún ara wa wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi bó, ẹ̀jẹ̀ yí èèkù ọkọ́ mi. Ọmọkùnrin alárìwísí yẹn kò ráyè ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Oòrùn kàn wá lórí, ó sì yẹ̀ lórí. Kò sí oúnjẹ.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí jù. Iṣẹ́ ti fẹ́ tán, baba náà jókòó, kò bínú mọ́, ó ń rin orín. Ó ti rí ọ̀nà. Tí a bá lọ sílé báyìí láì jẹun, eré ọmọdé la ṣe. Á ní àwọn ọmọ ilé ìwé wá ṣeré nínú oko òun. Ebi ń pa mí débi pé ojú mi ń ṣú, ṣùgbọ́n ẹkún ló ń yọ mí lẹ́nu ju ebi lọ. Mo ń wo ọ̀nà abúlé. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé ó ti tán, ó ti tán, ọyẹ́ á dé, wọ́n á lé làálì fún mi.

Ìgbà náà ni mo rí ìyàwó baba náà. Ó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ìyá tó sanra, tí kì í yára, àwo ńlá lórí, aṣọ bò ó.

Baba náà fò dìde. "Kí lo gbé? Ta ló ní kó o gbé nǹkan wá? Gbé e padà!"

Ìyá náà kò dúró. "Baálé mi, ẹ rọra."

"Mo ní gbé e padà!"

"Kí n gbé e padà kí wọ́n ní kí ni?" Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. "Gbogbo ọjà ló ń sọ ọ́ pé àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ lóko yín láti ìdájí, omi lásán ò kan wọn lẹ́nu. Wọn ò bi yín o, Baálé mi. Èmi ni wọ́n ń bi. Wọ́n ní ṣé èmi ò ní iná nílé ni?"

"O ò mọ ohun tó ò ń ṣe!"

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó sọ àwo náà kalẹ̀. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹni tí kò bá fẹ́ wálé mi, ṣé mo máa fi okùn so ó mọ́lẹ̀ ni? Ẹ wẹwọ́."

Àmàlà? Rárá. Iṣu sísè ni, epo pupa àti ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo wẹwọ́ tó ń bó, ata wọ ibi tó bó, mo mú iṣu, mo jẹ ẹ́. Áà, ẹ jọ̀ọ́! Mo ti jẹ oúnjẹ púpọ̀, mi ò tíì jẹ irú iṣu yẹn rí. Mo ń jẹ, omi ń dà lójú mi.

Àgbàlagbà tó ti wá dúpẹ́ nílé wa lọ́jọ́sí wà lára àwọn tó dúró sójú ọ̀nà. Ó wo iṣu náà, ó wo baba náà, ó mi orí, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ó tán. O ti bọ́ aláàáró." Ó gbé ọkọ́ ẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjá lọ sílé ẹ̀.

Mo sáré délé, mo ń fò, mo ń ké, mo so mọ́ ìyá mi lọ́rùn, gbogbo ara mi jẹ́ erùpẹ̀. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè pé, "Ó bọ́ yín?" Mo ní, "Ó bọ́ wa, Bàbá!" Ó ní, "Àlùhámúdùlílàhì." Lẹ́yìn náà ló dojú bolẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun. Ó yé mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ìwé mi ló jèrè, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni bàbá mi pàdánù.

Baba náà kò wá sílé wa mọ́. Wọ́n á jọ kírun ní mọ́sálásí kan náà, "Sàlámù alékùmù," "Alékùmù sàlámù," ó parí. Ebè ọdún yẹn, bàbá mi nìkan ló kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń wọ́, èmi ń ràn án lọ́wọ́ tí mo bá dé láti ilé ìwé. Kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Iṣu tí a jẹ lẹ́yìn ìgbà náà, kíkà la ń ka ègé ẹ̀ sínú ìkòkò. Mi ò gbọ́ kí bàbá mi ráhùn rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tó bá dúró, tó ń wo ààlà.

Òjò tuntun dé, ìdánwò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo pàdé ẹni tá a jọ ń jókòó tẹ́lẹ̀, ó ń bọ̀ lódò, omi lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n kọjá. "Ṣe é dáadáa o," ó ní. Mo mọ̀ pé orí ẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ìṣirò tí mò ń wò bí igi, òun ló máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Mo jókòó, mo kọ ọ́. Mo kọ gbogbo ẹ̀! Ọjọ́ tí a ṣe èyí tó kẹ́yìn, mi ò lè rìn, sísá ni mo sá, láti ilé ìwé títí dé oko, nínú aṣọ ilé ìwé mi, bàtà lọ́wọ́, mo ń kígbe lójú ọ̀nà bí wèrè. Bàbá mi ń ro oko iṣu. Ní òdìkejì ààlà, ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ń ro tiẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Bàbá! Bàbá! Mo ti parí! Mo ti parí o!"

Bàbá mi nàró, ó di ìdí mú, ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ọkọ́ dákẹ́ ní òdìkejì. Baba yẹn náà ti nàró. Kò wo ojú mi, igbó ló ń wò.

"Ó ti parí ìwé náà?" ó béèrè.

Bàbá mi gbé ohùn sókè kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. "Ó ti parí ẹ̀."

Baba náà mi orí. Ó tẹ̀ ba padà sídìí iṣu ẹ̀.